Nígbà tí Màmá Wọ Abẹ́ Mọ́wà

Ẹsẹ̀ Màmá nìkan ni mo ń rí. Ìyókù ara wọn wà lábẹ́ mọ́wà tí wọ́n fi ń gé koríko, lórí àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn méjèèjì kọjú sí mi, erùpẹ̀ bò wọ́n, àwọn ọmọ ìka sì ká wọnú bíi ti ẹni tí òtútù ń mú, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn yòò. Mo ń gbọ́ sípánà tó ń ha irin, tó ń dún kẹ̀ẹ̀, tó tún ń dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́, èmi náà ò ní lè mí mọ́. Òórùn koríko tó ti jẹrà mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ náà dà pọ̀ mọ́ ti gíríìsì àti ti pẹtiróòlù, atẹ́gùn sì ń gbé e wá sí ìdí igi ọsàn níbi tí mo dúró sí.

Láti abẹ́ irin ni wọ́n ti béèrè bóyá mo ṣì wà níbi tí wọ́n fi mí sí. Mo ní mo wà níbẹ̀, mà.

"Má kúrò níbẹ̀ o," ni wọ́n wí. "Bí o bá gbọ́ ohunkóhun, má sáré wá bá mi. Títì ni kí o sáré lọ."

Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo wo ọ̀nà tó lọ sí títì, mo tún wo ẹsẹ̀ wọn. Mi ò mọ èyí tó yẹ kí n máa wò.

Màmá ni ìyá tó bí ìyá mi. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, bàbá mi ti bá tirẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ń gbé ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Likosi. Ilé wa wọ inú díẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó gba àárín oko gbágùúdá kọjá ló so wá mọ́ títì tó ti Ìkòròdú lọ sí Ṣàgámù, bí a bá sì jókòó sẹ́yìnkùlé, a máa ń gbọ́ ìró àwọn tírélà bí ẹni pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Èdè Rẹ́mọ nìkan ni Màmá ń sọ délẹ̀délẹ̀. Bí ẹ̀rù bá sì ń bà wọ́n, wọ́n á máa sọ ọ́ kíákíá débi pé èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú rẹ̀ á ní kí wọ́n tún un sọ.

Koríko gígé ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ti gé e fún ọ̀pọ̀ ọdún ní oko ńlá kan kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, nígbà tí wọ́n sì ń lọ, àwọn olóko náà fi ògbólógbòó mọ́wà kan tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ mọ́ ta wọ́n lọ́rẹ. Mọ́wà tí ènìyàn ń jókòó lé lórí wà bí ọkọ̀ ni, ó ní táyà mẹ́rin àti ìjókòó tí wọ́n fi aṣọ àdìrẹ gbígbó dì nítorí ó ti ya. Òun ni wọ́n fi ń gé koríko ilé ìwé wa, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, àti ti ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn kékeré. Ohun gbogbo tó bá bàjẹ́ lókè ẹ̀rọ náà, Màmá á tún un ṣe fúnra wọn. Ti abẹ́ rẹ̀, mẹkáníìkì ni wọ́n ń pè.

Ìparí ọlidé gígùn ni ariwo yẹn bẹ̀rẹ̀. Màmá wà láàárín pápá ilé ìwé, èmi jókòó sórí pèpéle kíláàsì, ni mo bá gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀ lábẹ́ mọ́wà, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n rọra lọ síwájú díẹ̀ sí i. Kíkàn náà le sí i. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan dún gàù, ẹ́ńjìnnì ń ké ramúramù, ṣùgbọ́n táyà ò yí. Àwọn géńdé kan ló bá wa tì í délé.

Lábẹ́ mọ́wà yẹn, ọ̀pá irin kan wà tó ti ara ẹ́ńjìnnì níwájú lọ bá jíà lẹ́yìn. Ṣáfùtù ni wọ́n ń pè é. Níbi tí ṣáfùtù ti so mọ́ jíà, irin kékeré kan wà tó rí bí àgbélébùú, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kúrọ́ọ̀sì. Òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pá náà lè máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bó ṣe ń yí, kó má baà ṣẹ́. Kúrọ́ọ̀sì yìí ló ti jẹ tán. Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọjú wo abẹ́ ẹ̀rọ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n rí lẹ́búlẹ́bú ìpẹtà pupa tó dà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì dìde.

Ilé ìwé ò ní pẹ́ wọlé. Bí koríko pápá bá sì ga, àwa ọmọ ilé ìwé ni wọ́n á ní kí a mú àdá wá láti gé e. Ní sáà tó kọjá, ọmọ kíláàsì wa kan ń gé e bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí paramọ́lẹ̀ bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ò padà sí bó ṣe wà. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, tí koríko bá ti kàn mí ní ojúgun, ara á bù mí máṣọ. Màmá mọ̀. Wọ́n ti ṣèlérí fún ọ̀gá ilé ìwé pé kò sí ọmọ tí yóò tún fi àdá wọ pápá yẹn.

Mẹkáníìkì tó máa ń bá wọn tún abẹ́ mọ́wà ṣe ti kó lọ sí Èkó. Wọ́n ránṣẹ́ pe òmíràn ní Ṣàgámù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi ẹnu kọrin bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó fi jáàkì kan ṣoṣo tí Màmá ní gbé ẹ̀rọ náà sókè, ó dùbúlẹ̀, ó sì wọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Màmá ń bó gbágùúdá lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè tí wọ́n rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ síta, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dìde, wọ́n di ọmọ náà mú lọ́rùn ẹsẹ̀, wọ́n sì fà á jáde. Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré ni, ó ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó rí ojú wọn. Wọ́n fún un ní oúnjẹ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé.

Nígbà tó lọ tán ni mo bi wọ́n ohun tó dé. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bí bàbá ìyá mi ṣe kú. Mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ni. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà nígbà tí jáàkì yẹ̀. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nígbà náà. Màmá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lásán, wọ́n ń wo gbágùúdá tó wà níwájú wọn.

"Kò sí ìyá tí yóò wá gbé òkú ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ mi," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ni ín. Èmi ni n ó wọ abẹ́ ẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Mi ò rí ẹni tó bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí tó sì tún ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń yí ẹ̀rọ náà ká, wọ́n ń dárúkọ ohun tó lè pa wọ́n níbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n ní táyà lè yí, wọ́n fi òkúta há a níwá lẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì lè ṣèèṣì ta, wọ́n yọ wáyà bátìrì, wọ́n gbé bátìrì náà lọ sí yàrá. Wọ́n ní jáàkì lè yọ̀, wọ́n wá yí ìtì igi wá láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, wọ́n tò wọ́n sábẹ́ irin ẹ̀rọ lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n tún yí ìtì igi obì ńlá kan wá, wọ́n fi dábùú abẹ́ ẹ̀rọ náà. Kò tilẹ̀ kan irin kankan. Mo béèrè iṣẹ́ tí èyí ń ṣe. Wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan, kó ṣáà wà níbẹ̀. Òógùn ti mú kí bùbá wọn lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

Bí wọ́n ṣe wọ abẹ́ mọ́wà nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dúró sí ìdí igi ọsàn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n tú ṣáfùtù, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti ara wọn jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n gbé ọ̀pá irin náà lé itan bí ọmọ. Mo bu omi wá fún wọn. Wọn ò gbé ọ̀pá irin náà sílẹ̀, èmi ni mo gbé ife sí wọn lẹ́nu.

A wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù, a lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta páàtì ẹ̀rọ lọ́nà Ìjòkú. Màmá mú kúrọ́ọ̀sì tó ti jẹ dání nínú àkísà kan, wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí wọ́n fi rí èyí tó bá a mu. Bàbá náà béèrè mẹkáníìkì tí yóò dè é. Màmá ní èèyàn kan ni. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, òjò bẹ̀rẹ̀. Màmá di ọwọ́ mi mú gírígírí títí a fi délé, ó sì ń dùn mí.

Òjò náà rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, Màmá jókòó sójú pèpéle, wọ́n fi òòlù lu àwọn ìdérí irin kékeré tó wà létí kúrọ́ọ̀sì àtijọ́ títí wọ́n fi bọ́ sílẹ̀. Inú ìdérí kọ̀ọ̀kan, àwọn irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ló tò yí ká. Àwọn ti àtijọ́ ti fọ́ di erùpẹ̀. Ti tuntun ń dán, gíríìsì ló mú wọn dúró síbi tí wọ́n wà. Màmá ní bí ọ̀kan péré bá ṣubú láàárín, gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n sì ń fi òòlù kàn án wọlé jẹ́ẹ́, kan, kan, wọ́n á dúró, wọ́n á fi ìka yí i wò. Ó yí láìdún rárá. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí wọn tí wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ó wá ku kí wọ́n tún padà sábẹ́ mọ́wà.

Oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Màmá tẹ̀ ẹ́ wò níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n mi ẹ̀rọ náà, kò mì. Wọ́n bi mí bóyá mo rántí ohun tí wọ́n sọ. Mo ní títì ni, mà. Wọ́n wò mí, wọ́n sì dùbúlẹ̀.

Wọ́n ti de púpọ̀ nínú bóòtù nígbà tí mo rí i. Ìtì igi kan lápá òsì ń wọlẹ̀. Ó ń wọlẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ ẹrẹ̀, omi sì ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ pè wọ́n, ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀rọ náà kérora, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, jáàkì yọ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ sì wálẹ̀ pẹ̀lú ìró tí mo gbọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi kí n tó gbọ́ ọ létí.

Ẹsẹ̀ Màmá ta lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Adìyẹ kan ń ké nílé kejì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn wọn, ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "títì."

Mo sáré. Fóònù Màmá wà nílé, ṣùgbọ́n iná ò tíì dé láti ọjọ́ mélòó kan, ó ti kú. Ewé gbágùúdá tó kún fún omi ń gbá mi lójú, koríko ń kàn mí lẹ́sẹ̀ láti ojúgun dé orúnkún, mi ò sì rántí pé ejò wà láyé. Ohun tí mo ń rí ni ẹsẹ̀ wọn tó dúró. Bí mo ṣe ń jìnnà sí wọn, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo ń fi wọ́n sílẹ̀ kú.

Tírélà kan kọjá, kò dúró. Òmíràn kọjá, awakọ̀ rẹ̀ fọn fèrè sí mi pé kí n kúrò lójú títì. Mo ń ju ọwọ́ sókè, mi ò tilẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ. Ọkọ̀ kan tó kó agbọ̀n obì wá ń bọ̀ láti apá Ìkòròdú, ó ti kọjá mi kó tó dúró. Ìyàwó awakọ̀ náà ló ní kó dúró, Alhaja kan tó wọ ìjábù aláwọ̀ ewé. Oníṣòwò obì ará Ṣàgámù ni wọ́n, tọkọtaya, pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó ń bá wọn ru ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀. Alhaja sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi dọ́gba. Mo ní ẹ̀rọ wó lé Màmá mi. Kò bi mí léèrè mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, àwọn ọkùnrin ti ń sáré níwájú.

Lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Mi ò fẹ́ dé ibẹ̀. Mo rò ó pé bí mi ò bá dé ibẹ̀, kò ní jẹ́ òótọ́. Alhaja náà ń ṣàdúà lábẹ́ ètè. A dé ibi tí a ti lè rí òrùlé ilé, ni mo gbọ́ ọ.

Kẹ̀ẹ̀. Ó dákẹ́. Kẹ̀ẹ̀.

Sípánà ni. Mo já ọwọ́ mi gbà lọ́wọ́ Alhaja, mo sì sáré.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà ti di ẹ̀rọ mú lápá òsì. Ìtì igi obì ńlá tí kò kan irin kankan ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ló gba ẹ̀rọ náà dúró. Ẹ̀rọ há ìró Màmá mọ́lẹ̀, irin sì tẹ̀ wọ́n léjìká kan débi pé wọn ò lè yí, ṣùgbọ́n kò já lé àyà wọn. Wọ́n gbé e, Alhaja àti èmi fa Màmá lẹ́sẹ̀, wọ́n jáde. Wọ́n jáde láìní ìró lára, àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan, gíríìsì dé etí, sípánà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Alhaja bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bò wọ́n.

Ọkọ Alhaja béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ tó ti wó lé wọn. Ohùn rẹ̀ le díẹ̀, bí ohùn ẹni tí ẹ̀rù ti bà.

Màmá ní bóòtù méjì ló ṣẹ́kù nígbà tó wó, àwọn sì ti dè wọ́n tán. "Ẹ̀rù ń bà mí," ni wọ́n wí. "Mo ní kí ọwọ́ mi máa rí nǹkan ṣe, kí n má baà máa retí."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò rí i rí kí wọ́n sunkún, wọ́n sì sun ún níwájú àwọn àlejò láì fi ojú pamọ́. Láàárín ẹkún ni wọ́n ti ń sọ fún Alhaja pé ọkọ àwọn nìkan ló wà ní ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wó lé e. Kò kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn tó rí i nírọ̀lẹ́ sọ pé ó ti fi ọwọ́ wa ilẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó lè sáré fún un. Mo wá mọ ìdí tí wọ́n fi mú mi dúró sí ìdí igi ọsàn, àwọn tí wọn kì í jẹ́ kí n sún mọ́ iná ìdáná.

Àwọn oníṣòwò obì yẹn ò lọ bọ̀rọ̀. Alhaja fi omi gbígbóná wẹ èjìká Màmá, ó ti wú, ó ń dúdú lọ. Ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ mọ́wà kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fún wa ní obì. A ò rí wọn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá kí Màmá tó lè fi ọwọ́ òsì mú nǹkan. Nígbà tí wọ́n tún gun mọ́wà náà ní pápá ilé ìwé, kò dún kọ̀ mọ́. Ó ń lọ geerege, koríko ń ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, òórùn tútù rẹ̀ gba gbogbo kíláàsì. Wọ́n rí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọn ò rí ejò. Àwọn ọmọ ń pariwo ayọ̀. Èmi ò pariwo. Mo ń wo Màmá láti ojú fèrèsé títí wọ́n fi pa ẹ́ńjìnnì.

Orí ibùsùn wọn ni Màmá kú sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rọra sùn lọ ni. Èmi náà ti bímọ báyìí. Mo jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà, kò sí bí mo ṣe lè parọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà tí mo mọ̀ ló máa ń sọ fún ọmọdé pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí nǹkan wà. Màmá ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àbíkẹ́yìn mi. Ó ti gbádùn, ó ti ń sáré kiri ilé báyìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé e wọ yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn, èmi sì jókòó síta pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ lórí itan mi. Mo ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo tú u. Mo tún un ká. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹni tirẹ̀ náà wà nínú. Ó wò mí títí, ó sì béèrè ohun tí mò ń ṣe. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Kò sọ pé kí n má bẹ̀rù. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó sún mọ́ mi, ó mú apá ṣẹ́ẹ̀tì náà kan, a sì jọ ń ká a.